Ẹ̀rọ òòfà fún àrùn ọpọlọ: kí ló lè ṣe fún ẹni tí Schizophrenia ti di bárakú sí lára?

Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣé bí lọ́mọ. Ẹni tó ń gba Bẹẹrẹ kọjá sí Ọjà'ba láàárọ̀ lè rí ẹnìkan tó ń dá sọ̀rọ̀ létí títì, kó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kó sì bá tiẹ̀ lọ. Àmọ́ ilé kan wà ní Bẹyẹrunka, tàbí lẹ́yìn Mápó lọ́hùn-ún, tí wọn ò lè rẹ́rìn-ín, torí ọmọ tiwọn ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Láti nǹkan bí ọmọ ogún ọdún ló ti ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́. Wọ́n ti gbé e dé ọsibítù, wọ́n ti gbé e gun orí òkè àdúrà, wọ́n ti gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀. Ara rẹ̀ á yá fún oṣù mélòó kan, nígbà tó bá yá, àìsàn náà á tún gbé orí sókè. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan fi fídíò ránṣẹ́ sí ìyá yìí lórí WhatsApp. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan ti dé nílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n bá gbé e lé èèyàn lórí, òòfà inú ẹ̀ á fa wèrè náà jáde. Ni màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú àtita ṣọ́ọ̀bù tó fi ń jẹun.

Kó tó tà á, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ẹ̀rọ ọ̀hún wà lóòótọ́, àwọn dókítà gidi ló sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe yàtọ̀ sí ohun tí fídíò yẹn sọ.

Èsì ní ṣókí, fún ẹni tí kò ráyè kà á dópin

- Ẹ̀rọ òòfà, tí àwọn dókítà ń pè ní TMS, kì í wo Schizophrenia sàn.
- Ó lè dín ohùn tí aláìsàn ń gbọ́ kù fún àwọn kan, fún ìgbà díẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ìwádìí ò tíì fi hàn pé ó ju ẹ̀tàn ojú lọ.
- Kò lè rọ́pò òògùn. Ẹni tó bá jáwọ́ nínú òògùn rẹ̀ nítorí ẹ̀rọ yìí ń fi ara rẹ̀ wéwu.
- Àwọn ohun mìíràn wà tó yẹ kí ìdílé ti gbìyànjú kí wọ́n tó ta ohun ìní nítorí rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà níbí nílé.

Kí ni Schizophrenia gan-an?

Yorùbá mọ̀ tipẹ́ pé àrùn ọpọlọ pín sí oríṣiríṣi. Ìdí nìyẹn tí a fi ní asínwín, tí a ní wèrè aláṣọ, tí a sì ní abísínwín fún ìyá tí orí rẹ̀ dàrú lẹ́yìn ìbímọ. Schizophrenia jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí àwọn bàbá wa ń wò nígbà tí wọ́n bá pe èèyàn ní wèrè. Kì í ṣe pé ẹnìkan di èèyàn méjì nínú ara kan o, bí àwọn fíìmù ṣe máa ń ṣe é. Àìsàn tó ń da bí ọpọlọ ṣe ń ro nǹkan, tó ń gbọ́ nǹkan, tó sì ń túmọ̀ nǹkan rú ni.

Àwọn dókítà pín àmì rẹ̀ sí ọ̀nà méjì pàtàkì. Ọ̀nà kìíní ni àwọn ohun tó wọlé tí kò yẹ kó wà níbẹ̀: gbígbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, rírí ohun tí kò sí, gbígbàgbọ́ pé àwọn kan ń lépa ẹni tàbí pé rédíò ń dárúkọ ẹni. Ọ̀nà kejì ni àwọn ohun tó yẹ kó wà tó ti lọ: ìfẹ́ láti ṣiṣẹ́, láti wẹ̀, láti bá èèyàn sọ̀rọ̀, láti rẹ́rìn-ín. Apá kejì yìí ni àwọn ará ilé sábà máa ń pè ní ọ̀lẹ. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Àìsàn ló ń ṣe é.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé èèyàn bíi mílíọ̀nù mẹ́rìnlélógún ló ní àrùn yìí káàkiri ayé, ìyẹn nǹkan bí ẹnìkan nínú 300. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàrin ìgbà tí ọmọ ń parí ilé ẹ̀kọ́ girama sí ìgbà tó lé díẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún, ó sì máa ń tètè yọjú lára ọkùnrin ju obìnrin lọ. Ohun kan ṣoṣo kọ́ ló ń fà á. Ó lè rìn nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé, ìṣòro nígbà oyún àti ìbímọ lè dá kún un, mímu igbó láti kékeré lè ṣí ilẹ̀kùn fún un, ìdààmú ayé náà sì lè dá a sílẹ̀. Bí ìdílé kan bá ní in, kò túmọ̀ sí pé wọ́n gbé wọn ṣépè.

Òògùn tí wọ́n máa ń lò fún un ń dín agbára kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ dopamine kù nínú ọpọlọ. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Àmọ́ nínú èèyàn mẹ́ta tó ní àrùn yìí, ó sún mọ́ ẹnìkan tí òògùn tí a mọ̀ kì í ràn lọ́wọ́ tó. Àwọn yìí ni àìsàn náà ń di bárakú sí lára. Nítorí wọn ni àwọn onímọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà mìíràn, tí wọ́n fi dé ìdí òòfà.

Báwo ni òòfà ṣe ń dé inú ọpọlọ?

Ọdún 1831 ni Michael Faraday, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i pé tí agbára òòfà bá ń yí padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, iná á máa sáré nínú wáyà náà, bí nǹkankan ò tilẹ̀ so wọ́n pọ̀. Ẹ má jẹ́ kó dà bí idán lójú yín. Jẹnẹrétọ̀ tí gbogbo wa ń tàn, ohun tó ń lò nìyẹn. Tiransifọ́mà tó wà lórí òpó ní àdúgbò yín náà, ohun tó ń lò nìyẹn.

Ọpọlọ ọmọ èèyàn ń fi iná kékeré ṣiṣẹ́. Ohunkóhun tí ẹ bá rò, tí ẹ bá gbọ́, tí ẹ bá ṣe, iná tó kéré gan-an ló ń sáré láti ibì kan dé ibòmíràn nínú orí. Àwọn onímọ̀ wá rò ó pé bí òòfà bá lè mú iná sáré nínú wáyà, ó yẹ kó lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọpọlọ, láìla orí. Ní 1985, ní ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Anthony Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé wáyà tí wọ́n ká róbótó lé orí èèyàn, wọ́n tan iná sí i ní wàrà, ọwọ́ ẹni náà sì sọ fìrí fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni TMS ti bẹ̀rẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é lóde òní. Aláìsàn á jókòó sórí àga bíi ti dókítà eyín. Ojú rẹ̀ á là sílẹ̀, wọn ò ní fún un lóògùn oorun. Wọ́n á gbé ohun èlò kan tó dà bí àmì 8 lé orí rẹ̀. Tí wọ́n bá tan iná sí i, á máa dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, bí ìgbà tí ẹyẹ àkókó bá ń gbẹ́ igi. Nítorí ariwo yẹn ni wọ́n ṣe máa ń fi nǹkan dí etí rẹ̀. Agbára òòfà náà lágbára bíi ti ẹ̀rọ MRI tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan kì í pẹ́ tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Kì í wọlé jìn, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta péré ni. Èyí túmọ̀ sí pé ojú ọpọlọ ló ń dé, kò dé ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Bí wọ́n bá lù ú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bíi ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sábà máa ń fà á kí apá ọpọlọ yẹn rọlẹ̀. Bí wọ́n bá lù ú kíákíá, bíi ẹ̀ẹ̀mẹwàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sábà máa ń ta á jí. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, aláìsàn máa ń lọ ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà.

Ẹ wá rí i pé òòfà náà kì í fa nǹkankan jáde. Wèrè kì í ṣe ìṣó tó há sínú orí. Iná kékeré ni ẹ̀rọ náà ń dá sílẹ̀, kó lè rọ apá ọpọlọ kan láti yí ìṣesí rẹ̀ padà. Nígbà mìíràn, apá náà á gbà. Nígbà mìíràn, kò ní gbà.

Kí ni ìwádìí rí nípa Schizophrenia?

Ohun tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ dojú kọ ni ohùn. Àwòrán ọpọlọ ti fi hàn pé nígbà tí aláìsàn bá ń gbọ́ ohùn tí kò sí, apá ọpọlọ tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ òsì lókè etí, máa ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi lè bá a jiyàn pé kò sí ohùn. Ní tirẹ̀, ó gbọ́ ọ. Nǹkan bí ọdún 2000 ni Ralph Hoffman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde pé àwọn lu apá yìí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kó lè rọlẹ̀, ohùn náà sì dín kù fún àwọn aláìsàn kan. Inú àwọn èèyàn dùn gan-an. Ẹni tó bá ti bá aláìsàn gbé, tó ti rí i bí ohùn ṣe ń bú u lóru, á mọ ìdí tí inú wọn fi dùn.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ibòmíràn gbìyànjú rẹ̀. Àwọn kan rí irú èsì kan náà, àwọn kan ò rí nǹkankan. Ní 2011, ìwádìí kan ní ilẹ̀ Netherlands rí i pé àwọn tí wọ́n lo ẹ̀rọ gidi fún kò sàn ju àwọn tí wọ́n lo ẹ̀rọ ayédèrú fún.

Ẹ̀yin olùkà wa lè béèrè pé, kí ni ẹ̀rọ ayédèrú ń ṣe nínú ìwádìí? Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Wọ́n á pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan á gba òòfà gidi. Àwọn yòókù á jókòó sórí àga kan náà, wọ́n á gbọ́ kọ̀, kọ̀, kọ̀ kan náà, nọ́ọ̀sì á máa kí wọn pẹ̀lẹ́, àmọ́ òòfà ò ní wọ orí wọn. Aláìsàn ò ní mọ èyí tí wọ́n fún òun. Tí àwọn tó gba ayédèrú náà bá sọ pé ara àwọn yá, a jẹ́ pé kì í ṣe òòfà ló ṣe é. Ó lè jẹ́ ìrètí, ó lè jẹ́ ìtọ́jú, ó lè jẹ́ pé àìsàn náà rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá rí fídíò ẹni tó ń jẹ́rìí pé ẹ̀rọ kan wo òun sàn. Kò túmọ̀ sí pé ó ń parọ́. Ó túmọ̀ sí pé ẹ̀rí ẹnìkan ò tó láti fi ta ṣọ́ọ̀bù.

Ìwádìí ńlá mìíràn wáyé ní Jámánì, wọ́n sì gbé e jáde ní 2015. Apá kejì àìsàn ni wọ́n dojú kọ, ìyẹn àìnífẹ̀ẹ́ sí nǹkankan, àìlè dìde lórí ibùsùn, àìlè báni sọ̀rọ̀. Aláìsàn 175 ló kópa. Wọ́n lu iwájú orí ní ẹ̀gbẹ́ òsì kíákíá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ara àwọn tó gba òòfà gidi yá díẹ̀. Ara àwọn tó gba ayédèrú náà yá díẹ̀. Kò sí ìyàtọ̀ tó ṣe é tọ́ka sí láàrin wọn.

Ìdí nìyí tí àjọ FDA ní Amẹ́ríkà, tó gba ẹ̀rọ yìí láàyè fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí òògùn ò ràn ní 2008, tó tún gbà á láàyè fún àrùn OCD ní 2018 àti fún àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá ní 2020, kò tíì gbà á láàyè fún Schizophrenia. Àwọn dókítà kan ń fi kún òògùn fún aláìsàn tí ohùn rẹ̀ ò gbọ́ òògùn, ìwádìí sì ń tẹ̀ síwájú. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn.

Ṣé òun náà ni ṣọ́ọ̀kì tí a máa ń gbọ́?

Rárá o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń da méjèèjì pọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní ṣọ́ọ̀kì, tí àwọn dókítà ń pè ní ECT, iná ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ tààrà sí orí, aláìsàn á ti sùn lọ nípa òògùn oorun, gìrì kékeré kan á sì ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ. Ó ti pẹ́ láyé ju TMS lọ, ó sì lágbára jù ú lọ. Bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ, kì í ṣe ìyà, ìtọ́jú ni. Ní ti TMS, aláìsàn ò ní sùn, kò sì yẹ kó ní gìrì. Tó bá parí, ó lè dìde kó wọ mọ́tò lọ sílé.

Ta ni kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn?

Ẹ̀fọ́rí àti ìrora lórí awọ orí ni ohun tí àwọn èèyàn sábà máa ń ráhùn nípa rẹ̀, kì í sì í pẹ́. Gìrì lè ṣẹlẹ̀, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Ẹni tó ní wárápá, tàbí tó ti ní gìrì rí, gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí wọ́n tó gbé nǹkankan lé e lórí. Ẹni tó ní irin nínú orí, bóyá nítorí iṣẹ́ abẹ tàbí ọta ìbọn tó há síbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dé ìdí rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí wọ́n fi sínú etí pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ, tàbí ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ láti máa lù. Àwọn òògùn ọpọlọ kan náà wà tó ń jẹ́ kí gìrì tètè ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹ kó gbogbo òògùn tí aláìsàn ń lò lọ fún dókítà, tó fi dé àgbo.

Ìbàdàn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ òkèèrè, ó yẹ ká rántí pé ayé ti wá kẹ́kọ̀ọ́ nípa àrùn yìí lọ́dọ̀ tiwa náà.

Ní 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Dípò kó ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó ní kí wọ́n máa gbé pẹ̀lú ará ilé wọn kan ní àwọn abúlé tó yí ọsibítù ká. Wọ́n á wá gba ìtọ́jú, wọ́n á sì padà sáàrin èèyàn, wọ́n á máa ṣiṣẹ́ oko. Lambo ò lé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ dànù, ó fi wọ́n ṣe alábàáṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá sí Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tó ti di gíwá nígbà tó yá, kó tó lọ di igbákejì olórí àjọ WHO.

Nígbà tí WHO fẹ́ mọ̀ bóyá Schizophrenia rí bákan náà káàkiri ayé, láàrin ọdún 1960 sí 1970, ìlú mẹ́sàn-án ni wọ́n yàn, Ìbàdàn sì wà nínú wọn, pẹ̀lú London, Washington, Moscow àti àwọn mìíràn. Aláìsàn 1,202 ni wọ́n yẹ̀ wò lápapọ̀. Nígbà tí wọ́n padà wò wọ́n lẹ́yìn ọdún méjì, ohun tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu ni pé àwọn aláìsàn tó wà ní Ìbàdàn sàn ju ọ̀pọ̀ àwọn tó wà ní ìlú àwọn olówó lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀ di òní. Ọ̀pọ̀ gbà pé agbo ilé wà níbẹ̀: ẹni tó ń ṣàìsàn ní ẹni tó ń bá a jẹun, ó sì ní iṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n lè fún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ òògùn náà ńkọ́? Ẹ bi àwọn ẹlẹ́wẹ́ ọmọ ní Ọjà'ba àti ní Bode, wọ́n á sọ fún yín pé asọ́fẹ́yẹjẹ wà lára ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú orí tó dàrú. Dókítà Raymond Prince, ọmọ ilẹ̀ Kánádà tó ṣèwádìí lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn Yorùbá nígbà náà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń lò ó. Asọ́fẹ́yẹjẹ àti ewé kan ní ilẹ̀ Íńdíà jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Lára ti Íńdíà yẹn ni wọ́n ti yọ òògùn reserpine jáde ní 1952, ọ̀kan nínú òògùn ọpọlọ àkọ́kọ́ lóde òní. Àwọn bàbá wa ò ṣìnà. Àmọ́ ẹ gbọ́ o: òògùn inú ewé yìí máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó sì lè mú ìrẹ̀wẹ̀sì wá. Ẹni tó bá ń mu ún láìwọ̀n, tó tún ń lo òògùn ọsibítù, lè dákú.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní 2020. Aláìsàn 307 ló kópa, ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Ghana. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, wòlíì àti àlùfáà ni wọ́n wà. Fún apá kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé ń lọ bá wọn níbẹ̀, wọ́n ń fún wọn lóògùn, wọ́n sì ń bá oníṣègùn náà sọ̀rọ̀ kó má máa nà wọ́n tàbí fi ebi pa wọ́n. Fún apá kejì, nǹkan ń lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àìsàn àwọn tó gba ìtọ́jú àjọṣe yìí rọlẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ dáadáa. Kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá kankan nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì, òògùn àti àdéhùn láàrin àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn ni.

Ká má tan ara wa o, ìlú yìí kan náà ni ọlọ́pàá ti kó èèyàn tó lé ní 250 jáde nínú ilé kan ní agbègbè Ojoo ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n de àwọn kan nínú wọn. Ìdílé wọn ló kó ọ̀pọ̀ wọn lọ síbẹ̀, torí wọ́n rò pé ìtọ́jú ni. Ẹni tó bá ti sú máa ń gba ohunkóhun tí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́. Òun náà ló ń jẹ́ kí fídíò WhatsApp rí èèyàn mú.

Kí ló wá yẹ kí ìyá yẹn ṣe?

Kó tó gbé ṣọ́ọ̀bù sọ́jà, kó kọ́kọ́ mú ọmọ rẹ̀ lọ bá dókítà ọpọlọ, bóyá ní UCH tàbí ní Aro, kó sì bi í ní àwọn ìbéèrè yìí:

- Ṣé òògùn ni kò ṣiṣẹ́, àbí a kì í lò ó déédéé? Ọ̀pọ̀ tí a rò pé òògùn ò ràn, wọ́n ti dá a dúró nígbà tí ara wọn yá ni. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan lóṣù tàbí lọ́sẹ̀ mélòó kan, tí kò ní jẹ́ kéèyàn máa gbàgbé.
- Ṣé ọmọ mi ti lo clozapine rí? Òògùn yìí ni àwọn dókítà ń yàn fún ẹni tí oríṣi òògùn méjì, ó kéré tán, ò ràn. Ó ní ewu: ó lè ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ déédéé. Síbẹ̀, fún àìsàn tó ti di bárakú, ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi ọ̀nà jìn ju ti òòfà lọ.
- Ṣé ó ń mu igbó tàbí nǹkan mìíràn? Bó bá ń mu ún, òògùn ò ní ríbi dúró.
- Ta ni á máa bá a gbé, kí ni á sì máa ṣe látàárọ̀ dalẹ́? Ohun tí Lambo mọ̀ ní 1954 ṣì jẹ́ òótọ́ lónìí.

Bí gbogbo èyí bá ti ṣẹlẹ̀, tí ohùn náà ò sì dá ọmọ rẹ̀ lára dá, a jẹ́ pé ó lè béèrè nípa TMS. Nígbà yẹn, kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe é pé: ṣé ẹ wà nínú ìwé àjọ àwọn dókítà, MDCN? Àmì àìsàn wo gan-an ni ẹ fẹ́ dojú kọ? Ẹ̀ẹ̀mélòó ni, èló sì ni gbogbo rẹ̀? Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́, ká lè dá a dúró? Kí ni ẹ máa ṣe bí gìrì bá mú un lórí àga? Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ da òògùn nù, tàbí tó ṣèlérí pé àìsàn náà á lọ pátápátá, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2023, ti rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti mọ ìtọ́jú tí wọ́n fẹ́ fún un, kó sì fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ lé e lórí, ẹ bi òun náà.

Bó bá sọ pé òun fẹ́ pa ara òun tàbí ẹlòmíì, ẹ má dúró de òòfà, ẹ má dúró de ìpàdé ìdílé. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù lọ́jọ́ náà.

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ò tíì parí iṣẹ́ lórí òòfà, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà yí padà lọ́jọ́ iwájú. Bó bá yí padà, a ó sọ fún yín. Títí di ìgbà náà, ẹ jẹ́ kí màmá máa ta ọjà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, torí owó ibẹ̀ ni á máa ra òògùn. Bí ọmọ náà bá sì gbádùn díẹ̀, ó lè wá máa bá a ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀.